Àlàfo Ibi Orúkọ Bàbá

Tanke, Ìlọrin,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.

Ṣẹrifá mi, Àṣàkẹ́, ọmọ tí mo fi ọ̀já kan ṣoṣo pọ̀n títí ọ̀já fi gbó,

Àsàlámù àlékùn. Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo kí ọ kú àjò. Ẹni tó bá ọ gbé ẹrù dé Malete sọ fún mi pé yàrá tí o gbà kò jìnnà sí ẹnubodè ilé ẹ̀kọ́ gíga yẹn, pé ẹsẹ̀ lásán lo fi ń rìn dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí i. Mo ti kí ọ tán. Ó kù kí n sọ fún ọ pé inú ń bí mi sí ọ, àti pé ìbànújẹ́ tó wà lọ́kàn mi ju ìbínú náà lọ. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

Mo lè bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù. Mo tilẹ̀ pè ọ́. O ní, "Ìyá, mo wà níbi iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà," títí di àkókò yìí, o kò pè. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí Wásáàpù, o fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Ṣé ẹgbẹ́ àtàǹpàkò ni mí ni? Mo bá ra bébà, mo fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ wá gba aṣọ pé kí wọ́n padà wá lọ́la. Awakọ̀ tó ń ná Malete ni màá fi lẹ́tà yìí rán.

Ọ̀rọ̀ náà ni ohun tí o gbé sójú Wásáàpù ẹbí lọ́jọ́ Jímọ̀. O ní o fẹ́ to ìtàn ìran wa jọ kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ orírun wọn. Ohun rere ni. O kó àwọn ìwé tó wà nínú àpótí Ìyá Gáà, ìyá bàbá rẹ, ẹni tó ti kú. O yà wọ́n ní fọ́tò, o sì to orúkọ gbogbo ìdílé sísàlẹ̀ ara wọn. Níbi orúkọ bàbá rẹ, ọkọ mi tó ti dolóògbé, o kọ bàbá, o kọ ìyá, ó pé. Níbi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Ìdáyà, tí òun náà kò sí láyé mọ́, o kọ orúkọ Ìyá Gáà síbi ìyá, o wá kọ síbi bàbá pé, "A kò mọ̀." Kò tán síbẹ̀. O ṣàlàyé pé nínú ìwé tí wọ́n fi gbà á wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìlà lásán ni wọ́n fà síbi orúkọ bàbá, àti pé bóyá oyún rẹ̀ ni Ìyá Gáà gbé wọlé ọkọ.

Bóyá. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, Ṣẹrifá, ó ti ń lé èèyàn jáde nílé.

O mọ Mágàjí, olórí agboolé wa. Ọmọ ìyálé ni, bàbá kan náà ló bí òun àti bàbá rẹ. O sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń wá bí yóò ṣe lé Ìyá Ìdáyà opó àti ọmọ rẹ̀ kúrò ní yàrá ẹ̀yìnkùlé, kí ó lè wó o, kí ó fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kò rí ẹnu sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìwọ fún un ní ẹnu. Ó ti ní kí wọ́n bá òun tẹ ohun tí o kọ jáde sórí bébà, ó ń gbé e kiri bíi fàtíwà àwọn alùfáà. Ó ní ẹni tí bàbá rẹ̀ kì í bá ṣe ọmọ ilé kò ní yàrá nílé. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Ọ̀sán, ẹbí yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ìdáyà kò dúró de ọjọ́ Àìkú. Ìdáyà tí ẹ jọ sùn lórí ẹní kan, tí ẹ jọ gba pàṣán nílé kéú, ó gbé báàgì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lánàá. Ó ní òun wá dágbére, òun ń lọ sí Òkè Ọya níbi tí bàbá òun lọ nígbà tirẹ̀.

Mo ní, "Lọ́dọ̀ ta ni?"

Ó ní, "Lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ mí ni, Ìyá Tanke. Àwọn tó mọ̀ mí ti sọ ohun tí wọ́n mọ̀."

Mo gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sínú yàrá rẹ níbí, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ há abẹ́ ìró. Kò bá mi jà. Ì bá tilẹ̀ bá mi jà, ọkàn mi ì bá balẹ̀ díẹ̀. Ńṣe ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń wo títì àti àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń lọ. Mo ti rí irú ìjókòó yẹn rí lára bàbá rẹ̀.

Nítorí náà, fetí sílẹ̀ dáadáa, ọmọ mi. Iṣẹ́ ìwé lo gbà, àwọn ibi tí wọn kò kọ nǹkan kan sí yóò sì pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n máa kó síwájú rẹ. Mo fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Láti orí ara mi ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ta ni yóò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tó ní òun kò gọ̀ rí?

Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun, mo gọ̀ gan-an. Ìyá tó bí mi kìlọ̀ fún mi pé nílé ọkọ, èèyàn kì í dárúkọ ẹni tó bá bá nílé, ìbáà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Ọkọ ni gbogbo wọn. Ọmọ tí wọ́n bá bí lẹ́yìn tí o dé nìkan lo lè pè lórúkọ. Èmi tí mo rò pé mo kàwé, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò tíì pẹ́ tí mo wọlé tí mo dúró láàárín agboolé, mo pariwo orúkọ ọkọ mi pé kó wá sọ omi kalẹ̀ fún mi. Gbogbo obìnrin ilé tú jáde bí ìgbà tí iná bá ń jó. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pe bàbá ọkọ mi ní Bàbá Olóko, nítorí oko rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Malete, tí ọkọ̀ rẹ ń gbà kọjá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi di Bàbá Ìdáyà nígbà tó bímọ. O kò gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì lẹ́nu mi rí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó ń pe ọkọ yín bí ẹni ń pe ewúrẹ́, ẹ rò pé àwàdà ìyá àgbà ni.

Nígbà tí mo fẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ, mo dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó ń kọ káàdì bi mí ní orúkọ ọkọ mi. Mo wolẹ̀. Ó tún bi mí. Mo ní, "Ọmọ Bàbá Olóko ni." Ó pòṣé. Kì í ṣe ọmọ Ìlọrin. Ó ní, "Arábìnrin, ṣé o mọ ẹni tó fún ọ lóyún ni, àbí o kò mọ̀ ọ́n?" Àwọn aboyún tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ìrọbí ń mú mi, ìtìjú ń bò mí lójú. Nígbà tí ó sú mi, mo fi igbe pe orúkọ ọkọ mi, àfi bíi pé mo ń pe olè.

Ìyá Gáà wà lẹ́yìn mi. Mo rò pé yóò bínú. Ó di ọwọ́ mi mú, mo rí i pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "O pè é. O káre, ọmọ mi. Ẹnu tèmi ò gbà á nígbà tí wọ́n bi mí."

Ọjọ́ tí mo ń bọ́mú fún ẹ̀gbọ́n rẹ lórí ẹní ni ó wá sọ ìtàn náà fún mi. O mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Gáà: ọmọ Fúlàní darandaran ni, gáà tó wà lẹ́yìn oko ni Bàbá Olóko ti fẹ́ ẹ. Ti àwọn tirẹ̀ le ju tiwa lọ. Obìnrin wọn kì í dárúkọ ọkọ. Àkọ́bí rẹ̀ pàápàá, kì í pè é lórúkọ títí ayé. Bàbá Ìdáyà sì ni àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà tó lọ sílé ìwé, àkókò ebè kíkọ ni, Bàbá Olóko wà lóko. Ìyá Gáà ló mú un lọ. Ìyàwó ilé kan sin ín lọ, torí pé kò tíì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Tíṣà tó jókòó ti ìwé, àlejò ni láti ìlú mìíràn. Ó ní kí ni orúkọ ọmọ. Ìyá Gáà fi ìborùn bojú. Ìyàwó ilé tó sin ín wá ló dáhùn. Ó lè pe ọmọ náà lórúkọ, torí ó ti wà nílé kí wọ́n tó bí i. Tíṣà wá ní ta ni bàbá rẹ̀.

Àwọn méjèèjì dákẹ́. Ìyàwó ilé ni àwọn méjèèjì, Bàbá Olóko sì ti wà nílé kí èyíkéyìí nínú wọn tó dé. Tíṣà bèèrè títí, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè. Ìyá Gáà ní òun nawọ́ sí ọ̀nà oko, òun rò pé ẹni tó bá ní làákàyè yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹni tó ń wá wà. Tíṣà fa ìlà sínú ìwé. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lọ sílé.

Ìlà yẹn lo rí, Ṣẹrifá. Ìlà yẹn lo pè ní oyún àìmọ̀. Ti bàbá rẹ pé nítorí pé ìgbà tó kan òun, Bàbá Olóko kò sí lóko, òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ. Kò sí ìyàtọ̀ mìíràn láàárín ọmọ ìyá méjì náà.

Èyí tí màá fi kọ́ ọ níbẹ̀ rèé. Bí o bá rí àlàfo, má bi ìwé léèrè ohun tó túmọ̀ sí. Ìwé kò mọ̀. Béèrè pé ta ló mú ọmọ wá. Ta ló di kálàmù mú, èdè wo ló ń sọ, kí sì ni ẹni tó ń bi kò gbọdọ̀ fi ẹnu pè? Ó lè jẹ́ pé ọkọ ti kú. Ó lè jẹ́ pé ó wà lóko. Ó lè jẹ́ pé obìnrin náà bọ̀wọ̀ fún un débi pé ẹnu rẹ̀ kò gba orúkọ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ohun tí o rò. Ṣùgbọ́n ohun tí o rò ló yẹ kó kẹ́yìn, o kò gbọdọ̀ fi ṣáájú. Àwọn àgbà ní bí a bá fara balẹ̀ pa eèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ìwọ fi ẹsẹ̀ tẹ eèrà.

Má sì rò pé ibi tí wọ́n bá kọ nǹkan sí nìkan ni òótọ́ wà. Èyí náà ṣe mí rí.

Kí n tó lọ sílé ọkọ, Àlùkùránì àtijọ́ kan wà nílé bàbá mi, wọ́n sì fi ọwọ́ kọ orúkọ ìyá ìyá mi sí ojú ewé àkọ́kọ́: Àmínà ọmọ Abdulahi. Mo kà á, orí mi wú. Mo mọ agboolé alùfáà kan láàárín ìlú tó jẹ́ pé Abdulahi ni orúkọ baba ńlá wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu nílé ìwé pé ọmọ alùfáà ńlá ni mí. Lọ́jọ́ ọdún Iléyá, mo wọ aṣọ tó dára, mo lọ kúnlẹ̀ síwájú bàbá arúgbó tó jẹ́ olórí wọn, mo ní, "Ẹ kú ọdún, Bàbá, ọmọ yín ni mo jẹ́." Ó bi mí ní ìlú tí Àmínà ti wá. N kò mọ̀ ọ́n. Ó bi mí ní orúkọ ìyá rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, bí a kò bá mọ bàbá ẹnì kan, Abdulahi là ń kọ. Ẹrú Ọlọ́hun ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò sì sí bàbá tí kì í ṣe ẹrú Ọlọ́hun." Ó fún mi ní ẹran, ó ṣàdúrà fún mi, kò fi mí ṣẹ̀sín.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún ìyá mi, ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ogun ló kó Àmínà nígbà tó kéré, wọ́n gbé e sórí ẹṣin dé Ìlọrin, wọ́n tà á. Orúkọ ìlú rẹ̀ ti fò lọ lórí rẹ̀. Ohun tó rántí kò ju pé bàbá òun máa ń yan àgbàdo fún òun ní ẹ̀yìn ilé, ó sì máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tó gbé e lé òun lọ́wọ́. Títí ó fi kú, bí ó bá rí àgbàdo yíyan, ó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tó jẹ ẹ́, ìbáà ti tutù. Ohun tí mo ń fi yangàn kiri ìlú nìyẹn, Àṣàkẹ́. Mo so egbò mọ́rùn, mo pè é ní ìlẹ̀kẹ̀.

Torí náà, àyè wà fún "a kò mọ̀." Bí a kò bá mọ̀ lóòótọ́, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má fi orúkọ ẹni ńlá dí ihò. Bàbá Àmínà, a kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó lè sọ ọ́ ti wà nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ "a kò mọ̀" nígbà tí èmi wà láàyè ní Tanke, tí ọkọ̀ ń lọ tó ń bọ̀, o kò bi mí. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí o ṣe. A kì í pe ohun tí a kò bèèrè ní ohun tí a kò mọ̀.

Ìyókù ṣòro fún mi láti kọ. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀kan, mo lọ bu omi mu.

Ọmọ tí wọ́n fa ìlà sí níwájú orúkọ, ó ń dàgbà, ó sì ń kọ́ ìwé kíkà. Bàbá Ìdáyà ka ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó lọ mú un wá. Àwọn ọmọ ìyálé tó wà nítòsí rẹ̀ kà á pẹ̀lú. O mọ bí ọmọdé ṣe rí. Wọ́n fi ṣe orin. Ó lọ bá ìyá rẹ̀, ó ní, "Ta ni bàbá mi?" Ìyá Gáà rò pé eré ni. Ó fi àgbọ̀n júwe fìlà Bàbá Olóko tó wà lára ògiri, ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ ní, "Ẹ dárúkọ rẹ̀." Kò dárúkọ rẹ̀. Ọmọ náà kò sì bèèrè mọ́.

Nígbà tó dàgbà, ó lọ sí Òkè Ọya láìdágbére. Bàbá Olóko ránṣẹ́ sí i títí, kò fèsì. Nígbà tí àìsàn dá bàbá náà dùbúlẹ̀, bí ilẹ̀kùn bá ti ró, á gbé orí sókè, á ní, "Ṣé òun ni?" Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo ń gbé ẹ̀kọ wá fún un. Ó kú, wọ́n sin ín, àkọ́bí Ìyá Gáà kò wá. Gbogbo ìlú ní ọmọ búburú ni.

Ìgbà tí àìsàn tirẹ̀ ti jẹ ẹ́ tán ló tó padà wálé pẹ̀lú ìyàwó àti Ìdáyà ọmọ ọwọ́. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á jókòó, á máa wo ọ̀nà. Ọjọ́ tó kú ni Ìyá Ìdáyà tó sọ ohun tó ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ó ní ọkọ òun bẹ òun pé kí wọ́n má sin òun sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá Olóko, pé òun kò fẹ́ fi ara òun lé ẹni tí kì í ṣe bàbá òun lórí. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìlà inú ìwé náà.

Ojú Ìyá Gáà ni mo ń wò. Mo gbàdúrà kí n má rí irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ́.

Wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í, ojú nìkan ló ṣí sílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè rí i kí àwọn ọkùnrin tó gbé e. Èmi ni mo di ìyá náà mú lábíyá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu sí etí ọmọ rẹ̀. Ó pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀, tí kò pè rí láyé. Ó pe orúkọ ọkọ rẹ̀, tí kò pè rí láyé. Ó so wọ́n pọ̀, ó pè wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ mọ́ bàbá. Ẹni tó ń pè é fún kò gbọ́. Èmi nìkan ni mo gbọ́. Wọ́n gbé e lọ, kò sì pẹ́ tí òun náà fi tẹ̀lé e.

Bí ọmọ kan bá wá síwájú tábìlì rẹ ní Malete, tí ibi orúkọ bàbá rẹ̀ ṣófo, jọ̀ọ́, rẹ ohùn rẹ sílẹ̀. Má ṣe béèrè rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán kí gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀ gbọ́. Pè é sún mọ́ ọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, Ṣẹrifá, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tíṣà tó fa ìlà yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Iṣẹ́ ló ń ṣe, oòrùn ń pa á, àwọn tó tò sẹ́yìn pọ̀. Kò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Ìwọ náà kò mọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí ni pé láti òní lọ, o mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú ló kù. Màá fẹ́ kí o wọ ọkọ̀ àárọ̀. Má fi Wásáàpù tọrọ àforíjì. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọ yàrá ẹ̀yìnkùlé lọ, kí o kúnlẹ̀ fún Ìyá Ìdáyà kí o tó kí ẹnikẹ́ni nílé. Bí ó bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ọ, gbà á. Lẹ́yìn náà, wá sí ibi ìpàdé, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ pé ohun tí o kò bèèrè lo kọ. Ó lè jẹ́ pé wọn kò ní gbọ́. N kò ní tàn ọ́. Mágàjí ti pe birikìlà, ẹni tó bá sì ti pe birikìlà kì í fẹ́ gbọ́ ẹ̀rí.

Mágàjí mọ òótọ́. Wọ́n pa àgbò ní ọjọ́ tí wọ́n sọ Bàbá Ìdáyà lórúkọ, Bàbá Olóko ló fọwọ́ ara rẹ̀ di àgbò náà mú, Ìyá Gáà ló sọ fún mi. Nínú gbogbo ẹni tó jẹ nínú ẹran náà, Mágàjí nìkan ló kù láyé. Ọmọdé ni nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọmọdé kì í gbàgbé ọjọ́ ẹran. Màá bi í níwájú gbogbo ẹbí.

Ìyàwó ilé kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àwọn ọmọ ilé bá jókòó sí, mo mọ̀. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé ẹ̀rí mi kò ní tẹ̀wọ̀n bí n kò bá sọ ohun tí mo gbọ́ létí òkú gan-an, bó ṣe jáde lẹ́nu Ìyá Gáà. Wọ́n lè ní kí n kúnlẹ̀. Ọjọ́ tí mo fi ìgbéraga dárúkọ ni mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní; èyí tí màá kúnlẹ̀ fún báyìí kò ní dùn mí.

Mo ti ń kọ́ bí màá ṣe sọ ọ́. Ẹnu mi kò gbà á láàárọ̀ yìí. Mo dúró síwájú jígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ, mo la ẹnu, ohùn kò jáde. Nítorí náà, màá kọ́kọ́ kọ ọ́ síbí, kí ọwọ́ mi lè kọ́ ẹnu mi. Ìwọ náà, bí o bá ti kà á tán, lọ sí ibi tí o kọ "A kò mọ̀" sí, pa á rẹ́, kí o kọ èyí síbẹ̀:

Sàlíù, ọmọ Yúsúfù.

Ìdáyà jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítòsí mi, ó ṣì ń wo títì. Mo na ìwé náà sí i, mo ní kó ka ìlà kan yẹn fún mi sókè, kí n gbọ́ bó ṣe ń dún.

Ó kà á. Ó tún un kà, bẹ́ẹ̀ n kò sọ fún un pé kó tún un kà.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ ṣì wà lábẹ́ ìró mi. Tètè máa bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, ìyàwó ilé Yúsúfù.